Bí a ó ṣe darí àpérò àdúgbò lórí ìlàjà àti ìjíhìn àwọn aṣáájú tó kówó ìlú jẹ

Nígbàkígbà tí ìjọba bá kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn kan á ní kí a gbàgbé àná kí àlàáfíà lè jọba, àwọn mìíràn á sì ní kí ẹni tó kówó ìlú jẹ fojú ba ilé ẹjọ́. Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín ní Abẹ́òkúta bá fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó sì kọ ìwé tó nítumọ̀ sí ìjọba, ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ gedegbe: òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó sọnù, àti ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìlú lè dúnàá-dúrà lórí ìyà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òtítọ́ àti owó náà tọrẹ lórúkọ wa.

Àwọn tí owó náà ì bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ pè kí ẹ tó pe olóṣèlú kankan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ṣì ń retí owó rẹ̀, aláàdìrẹ ní Ìtòkú, awakọ̀ ní Láfẹ́ńwá, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Obìnrin tí wọ́n ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́, òwú àti abẹ́rẹ́ wá ní ilé ìwòsàn ìjọba nígbà tí ìrọbí ti mú un, tí ọkọ rẹ̀ sì ń kan ilẹ̀kùn kẹ́míìsì kiri lóru, ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí òun ni wọ́n ṣẹ̀, òun náà ló sì lè sọ ohun tó lè mú kí òun foríjì. Kí ẹni tó ń dupò má ṣe alága.

Ẹnìkan yóò dìde láti sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ fetí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ìjà ẹbí lórí ilẹ̀ bàbá wọn bá owó tí a jí nínú àpò gbogbo ìlú dọ́gba. Ìtàn Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ wúlò níbí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú tako owó orí àti ìlò agbára Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, títí Kábíyèsí fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Wọ́n fagi lé owó orí àwọn obìnrin, obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú, kí Aláké tó padà wálé ní ìparí 1950. Ẹ jẹ́ kí àpérò náà kíyè sí bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara wọn: àtúnṣe ló ṣáájú ìpadàbọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ fi ìṣọ́ra lo àpẹẹrẹ Gúúsù Áfíríkà. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu darí lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í foríjin ẹnikẹ́ni àyàfi tó bá sọ gbogbo ohun tó ṣe; àwọn tó bẹ̀bẹ̀ lé ní 7,000, àmọ́ 849 péré ló rí i gbà. Ìwà ọ̀daràn tó jẹ mọ́ òṣèlú ni wọ́n gbọ́, kì í ṣe ẹjọ́ olè jíjà, nítorí náà kò tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni fi í bo kọ́ńtíráàtì ayédèrú mọ́lẹ̀. Tùnísíà ló sún mọ́ tiwa jù. Ní 2015, ààrẹ wọn gbé àbádòfin ìlàjà wá tí ì bá gba àwọn oníṣòwò ńlá tí wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta pé àwọn kò foríjì, nígbà tí òfin náà sì jáde ní 2017, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò jèrè fúnra wọn nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ òwe pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, òótọ́ sì ni, síbẹ̀ èmi á foríjin akọ̀wé tó fọwọ́ síwèé nítorí ìbẹ̀rù, bó bá lè sọ ibi tí owó náà gbà lọ.

Ìbéèrè tó le jù ni ti ẹjọ́ tó ń mú ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi nìkan, tí ẹni tó bá sì sá wọ ẹgbẹ́ ìjọba ń bọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń dá kún ìpínyà, ó sì ń sọ ìdájọ́ di ohun ìjà òṣèlú. Kí ìwé yín béèrè pé ọdún tí ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó bá parí sí gbọ́dọ̀ kan ìjọba tó wà lórí oyè bó ṣe kan èyí tó ti lọ.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ nípa àforíjì pẹ̀lú. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ foríjin Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀, tó ti gbà ní kóòtù ní 2007 pé òun jẹ̀bi. Ní 2022, ó kan Joshua Dariye ti Plateau àti Jolly Nyame ti Taraba. Abala 175 nínú òfin orílẹ̀-èdè fún ààrẹ lágbára yìí lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè (Council of State), abala 212 sì fún gómìnà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí a bi àwọn tí wọ́n jà lólè. Ẹ béèrè pé kí owó padà tán, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àforíjì.

Ẹ má dárúkọ ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, torí àhesọ lè sọ ẹ̀yin gan-an di ẹlẹ́jọ́. Bí ẹ bá nílò ìwé ìnáwó, ẹ kọ̀wé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tí kò béèrè pé kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ máa mú padà wálé. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì náà ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn sì ni lọ́yà yín máa kọ́kọ́ béèrè.