Ọmọ Ajá Tó Ti Mọ Ìta Tún Ń Tọ̀ Sí Pálọ̀: Bí A Ṣe Ń Dá A Padà Sọ́nà

Ọmọ ajá yín ti mọ̀ pé ìta ni wọ́n ti ń tọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ilẹ̀ pálọ̀ ti ń gbẹ, ẹ sì ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ ká kúrò nílẹ̀ padà. Ṣàdédé ni òórùn ìtọ̀ tún gba ilé kan. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, ìṣojú yín gan-an ló ti lóṣòó. Àwọn ará ilé á ní ó ti ya olóríkunkun, ẹlòmíì á ní ó ń gbẹ̀san nítorí pé wọ́n nà án. Ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ti so mọ́ ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sì ti ta àwọn míì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Ó máa ń dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣeé tún ṣe ni.

Ajá kì í fi ìtọ̀ gbẹ̀san. Bí èyí tó ti mọ ìta bá tún ń tọ̀ sílé, nǹkan kan ti yí padà ni, bóyá nínú ara rẹ̀, bóyá nínú ilé yín, bóyá ní àkókò tí ẹ ń mú un jáde. Ẹ máa wá nǹkan náà rí, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó ti ń ṣe dáadáa gbẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò ná

Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè bá àìsàn jà. Ẹ wò ó bóyá ó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, bóyá ó ń lóṣòó pẹ́ kí ìtọ̀ tó jáde, bóyá ó ń ké nígbà tó bá ń tọ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ náà, tàbí bóyá ó ń lá abẹ́ ara rẹ̀ ṣáá. Kòkòrò tó wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló sábà máa ń fa irú èyí, ó sì wọ́pọ̀ lára abo ju akọ lọ. Bí ó bá ń mu omi lọ́nà tí kì í gbà mu ún tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà ẹran. Bí ẹ bá rí ìtọ̀ òwúrọ̀ rẹ̀ gbè sínú ìgò kékeré tó mọ́, ẹ mú un dání lọ.

Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ ló ń ya sílé, tí ìgbẹ́ náà sì rọ̀, ẹ ronú kan aràn. Ọmọ ajá lè gba aràn láti inú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, tàbí láti inú ọmú. Ohun tí ó yẹ ni kó máa lo oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti ìgbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 títí di ọ̀sẹ̀ 8, kó wá máa lò ó lóṣooṣù títí tó fi máa pé oṣù 6. Àwọn aràn kan lára wọn máa ń ran èèyàn, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nílẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá kó ìgbẹ́ ajá fi ọṣẹ fọwọ́.

Ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀, èébì, kí ajá má sì lè jẹun: ẹ má dúró dọ̀la. Parvo, àrùn kan tó ń ba ìfun ajá jẹ́, lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń yára pa ọmọ ajá. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn èèyàn fún un ní kẹ́míìsì. Ibuprofen tí a ń lò fún ara ríro lè ba kíndìnrín ajá jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ohun tó yí padà

Bí dókítà bá ní ara rẹ̀ le, ẹ jókòó kí ẹ ro ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sílé tuntun ni? Ṣé àwọn ọmọ ti dé láti iléèwé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń bá a ṣeré dòru? Ṣé àwọn èrò tó wá síbi òkú sùn sílé yín, tí kò sẹ́ni tó ráyè mú ajá jáde? Ṣé ẹni tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbòmíì? Ọmọ èèyàn tó ti fi ìtọ̀ orí ẹní sílẹ̀ lè padà sí i bí wọ́n bá gbé e lọ sílé tí kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ajá.

Ẹ wo oúnjẹ náà. Bí ó bá ń jẹ ìrẹsì àti ẹja tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn yí i sí oúnjẹ ajá inú àpò lójijì, inú rẹ̀ lè ṣí. Ẹ máa pò wọ́n pọ̀ fún bí ọjọ́ 7, kí tuntun máa pọ̀ sí i, kí ti àtijọ́ máa dín kù.

Kí ẹ sì wo ibi tó ti ń tọ̀ níta. Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ koríko tí ajá ń lò. Bí iná bá ti lọ lálẹ́, tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, ajá náà kì í fẹ́ dé ibẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn àga ló ń sá lọ. Wọ́n nà án títí, kò yí padà. Jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé kúrò.

Ọjọ́ orí tún wà ńbẹ̀. Ọmọ ajá oṣù 2 kò lè di ìtọ̀ mú ju bíi wákàtí 2 sí 3 lọ lójúmọmọ. Ohun tí àwọn tó ń sin ajá máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí ẹ ka oṣù rẹ̀, kí ẹ fi 1 kún un: iye wákàtí tó lè fara dà nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹ máa ná an dé òpin. Ẹlòmíì á rí i pé ajá oṣù 3 òun ti mọ ìta, á wá fi í sílé láti aago 8 àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ kọ́ ni agbára rẹ̀ dé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fọ òórùn náà dànù

Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ̀ẹ̀kan tí ajá bá tọ̀ síbì kan tí òórùn náà sì kù, imú rẹ̀ ti kà á sí ilé ìtọ̀ nìyẹn. Imú tiwa kò lè gbọ́ ohun tí imú tirẹ̀ ń gbọ́, nítorí náà “kò rùn mọ́” kò tó.

Bó bá ṣì tutù, ẹ fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó fa omi náà mu. Ẹ má fọwọ́ ra á, pàápàá lórí kápẹ́ẹ̀tì, torí ẹ ó kàn máa tàn án kálẹ̀ ni. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ ṣàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìdajì ìdajì, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó nù ún. Bí ẹ bá rí ọṣẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìtọ̀ ẹran, ó dára ju fínígà lọ. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù, ẹ sá wọn sóòrùn. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní táìsì máa ń mu ìtọ̀, ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má da Hypo tàbí Jik lé ìtọ̀ lórí, ẹ má sì pò ó mọ́ fínígà láéláé. Èéfín tó ń jáde látinú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ti ẹ̀yin àti ti ajá. Ọṣẹ tó bá ní ammonia náà kò wúlò, torí ìtọ̀ ló ń fara jọ nímú ajá. Izal, ẹ gbé e jìnnà síbi tí ajá ń lá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe bí ẹni pé àná ló dé

Ẹ gbàgbé pé ó ti mọ̀ ọ́n rí. Fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ẹ mú un jáde bó bá ti jí, lẹ́yìn oúnjẹ ní bíi ìṣẹ́jú 5 sí 30, lẹ́yìn tó bá mumi dáadáa, lẹ́yìn eré, àti kẹ́yin tó sùn. Láàárín ìwọ̀nyí, ẹ máa mú un jáde ní wákàtí méjì méjì bó bá ṣì kéré. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé àwo kúrò lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20. Oúnjẹ tó bá wọlé lákòókò á jáde lákòókò. Ẹ má fi omi dù ú, pàápàá nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ gbé omi kúrò ní bíi wákàtí kan kí ó tó sùn.

Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn kí ẹ sì bá a jáde fúnra yín. Kì í ṣe ká ṣílẹ̀kùn, ká tì í síta, ká tún tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó tọ̀ tàbí ó ń lé aláǹgbá. Ẹ dúró sójú kan náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, irú bíi “ó yá, tọ̀”. Kí màmá àgbà, àwọn ọmọ àti ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé máa lo ọ̀rọ̀ yẹn kan náà. Gbàrà tó bá tọ̀ tán, níbẹ̀ gan-an, ẹ yìn ín kí ẹ sì fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀ sísè, bí èékánná ṣe mọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ wọlé lẹ tó fún un, ohun tó máa kọ́ ni pé wíwọlé ló dára.

Ẹ jẹ́ kó ṣeré díẹ̀ níta lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán. Ajá tí wọ́n ń gbé wọlé ní kété tó bá ti tọ̀ máa ń kọ́ láti dì í mú, torí ó mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń parí ìgbádùn òun.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dín àyè rẹ̀ kù nínú ilé

Bí ojú yín kò bá sí lára rẹ̀, kó wà nínú kéèjì tàbí igun kan tí ẹ fi pátákó dí. Kí kéèjì náà gbà á láti dúró, láti yí po, láti na ara. Bó bá fẹ̀ jù, á tọ̀ sí apá kan, á sùn sí apá kejì, nítorí náà ẹ fi páálí gé e kúrú. Kì í ṣe ibi ìjìyà, ẹ má fi ìbínú tì í mọ́ ọn.

Ọ̀ràn kan wà tó yàtọ̀ o. Àwọn ọmọ ajá kan, ọwọ́ ẹni tó tì wọ́n mọ́ kéèjì kékeré tọ̀sántòru lẹ ti rà wọ́n, wọ́n sì ti sùn nínú ìtọ̀ títí tí kò fi jọ wọ́n lójú mọ́. Kéèjì kò ní ran irú wọn lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ ìgbànú yín kẹ́ ẹ jọ máa rìn nínú ilé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn ilẹ̀, tó ń yí po, tàbí tó fi eré sílẹ̀ lójijì tó kọrí sẹ́yìn àga, ẹ mú un jáde.

Bẹ́ ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e jáde kó lọ parí ẹ̀. Bó bá parí ẹ̀ níta, ẹ yìn ín. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tútù nìkan lẹ bá, ẹ kàn nù ún. Ẹ má fi imú rẹ̀ kan ìtọ̀, ẹ má nà án. Kò lè so pàṣán yẹn pọ̀ mọ́ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn; ohun tó máa so pọ̀ ni ẹ̀yin àti ìtọ̀. Á wá máa sá pamọ́ fún yín kó tó tọ̀, kódà níta, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń le.

Òjò, òru àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò lè rọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tutù. Kí òjò tó dé, ẹ da yanrìn síbì kan lábẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ máa mú un lọ síbẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì dára kó lè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ òjò, ẹ mú agbòòrùn kẹ́ ẹ bá a dúró.

Lóru, ọmọ ajá oṣù méjì lè nílò àtijáde lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ má bá a ṣeré, kó tọ̀, kó padà lọ sùn. Àwọn tí ọkàn wọn kò gbà láti ṣílẹ̀kùn lóru, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ tó ní yanrìn sí bàráńdà, kẹ́ ẹ máa sún un lọ sọ́nà ìta díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Bẹ́ ẹ bá ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé e lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Bó bá fẹsẹ̀ rìn, orí àtẹ̀gùn ló máa tọ̀ sí. Èyí tí kò tíì gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kó má kọjá ọgbà yín, nítorí parvo máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ tí ajá mìíràn ti yàgbẹ́ sí.

Ìtọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́

Bó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ nìkan ló ń tọ̀ sílẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ayọ̀ tàbí ẹ̀rù ni. Ẹ má jágbe mọ́ ọn rárá, á pọ̀ sí i ni. Ẹ wọlé jẹ́ẹ́, ẹ má wò ó lójú, ẹ lóṣòó fẹ̀gbẹ́ sí i kó wá bá yín, kẹ́ ẹ sì kí i níta. Ó sábà máa ń dàgbà kúrò nínú ẹ̀.

Akọ tó ti ń súnmọ́ oṣù mẹ́fà, tó ń gbẹ́sẹ̀ sókè, tó ń tọ̀ díẹ̀ sára ògiri, ẹsẹ̀ àga tàbí táyà mọ́tò, ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ló ń pa. Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ, kẹ́ ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí kò tọ̀ sílé rárá, ẹ ṣí yàrá kan fún un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣí òmíràn. Pálọ̀ tó ní kápẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Bó bá tún tọ̀ sí yàrá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ẹ ti ìyẹn nìkan padà, ẹ jẹ́ kó máa lo ti tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá sì pé tí ohun gbogbo ṣì wà bákan náà, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ mú àkọsílẹ̀ àkókò tó ń jẹun àti àkókò tó ń tọ̀ dání.