Tòmátì Tó Kù Lórí Igi Nígbà Ọyẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Un Pọ́n Nílé, Kí Ẹ sì Tọ́jú Rẹ̀ Pamọ́

Ẹni tó bá rántí ọdún 2016 kò ní í bi wá pé kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí tòmátì díẹ̀ tó kù lẹ́yìnkùlé. Kòkòrò Tuta absoluta ló bo àwọn oko ní Kaduna lọ́dún náà, tí àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì, tí owó apẹ̀rẹ̀ kan sì fò sókè dé ọjà tiwa níbí. Òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń gbé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní Òkè-Ajé àti ní Ṣágámù wá. Síbẹ̀, tí òjò bá ti dá ní ìparí oṣù Bélú, ẹ ó rí igi tòmátì tí ewé rẹ̀ ti ń rọ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìṣarà, tí èso tútù mẹ́wàá, méjìlá, ṣì so rọ̀ lára rẹ̀, tí onílé á sì ní ó ti tán. Kò tíì tán o.

Gbígbó ọ̀tọ̀, pípọ́n ọ̀tọ̀

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìwé yìí nìyí. Tòmátì tó ti gbó lè pọ́n níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, kò nílò igi mọ́. Èyí tí kò gbó, ohun yòówù tí ẹ bá ṣe fún un, yóò kàn rún ni.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ já ẹyọ kan nínú àwọn tó tóbi bákan náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú là á láàrin. Bí ohun yíyọ̀ bí omi ilá bá ti yí kóró inú rẹ̀ ká, tí kóró ń yọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ, ó ti gbó. Bí ọ̀bẹ bá gé kóró náà sí méjì, ọmọdé ṣì ni. Ẹ rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata tí ẹ fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Ó máa ń kan díẹ̀, àmọ́ kò burú. (Ewé àti igi rẹ̀ ni kí ẹ má jẹ o.)

Èyí tí ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, ẹ já a lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró kó pupa tán lórí igi. Adùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ẹ sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹyẹ, eku àti oòrùn. Òjò àrọ̀gbẹ̀yìn kan tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ti tó láti fa èyí tó pọ́n ya.

Ẹ̀yin tí ẹ da irúgbìn lẹ́yìn ọdún Agẹmọ, tí ẹ kó o lọ sórí ebè nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ó yẹ kí ẹ ti rẹ́ ṣóńṣó orí igi náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí omi tó wọ́n. Òdòdó tó bá yọ lẹ́yìn ìgbà náà kò ní í rí àyè gbó.

Bí ẹ ṣe máa mú un pọ́n

Ìyá mi a máa tẹ́ tirẹ̀ sórí páànù nínú oòrùn. Apá tó kọjú sí oòrùn á funfun, á sì rọ̀ bí awọ tí omi gbígbóná bó. Tòmátì kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti pọ́n, ooru ìwọ̀nba ló nílò: láàrin 20 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára jù. Bí ooru bá ti kọjá 30, pupa rẹ̀ kì í jáde dáadáa, yóò dúró ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ó sì ṣe ń gbóná tó lọ́sàn-án nìyẹn níbí, kódà nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, abẹ́ ibùsùn, tàbí ilẹ̀ yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, ni ẹ wá lọ.

Fíríìjì ńkọ́? Rárá. Tí òtútù bá ti wọ èyí tí kò tíì pọ́n, kò ní í pọ́n dáadáa mọ́, yóò sì tẹ́ lẹ́nu.

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sínú apẹ̀rẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀. Ẹ nu èso náà gbẹ, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ tò ó ní ìpele kan ṣoṣo, kí ibi tó ti já lára igi kọjú sísàlẹ̀, kí èkíní má fara kan èkejì. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n kan tàbí méjì sáàrin, kí ẹ fi ìwé bò ó. Afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sún un ṣe. Èyí tó ti ń yí àwọ̀ á pọ́n láàrin bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Èyí tó gbó ṣùgbọ́n tó ṣì tútù lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ẹyọ kan tó bá rà, ó lè kó bá apẹ̀rẹ̀ náà.

Ẹ má fọwọ́ kan kábáídì, èròjà tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n kíákíá. NAFDAC ti ń kìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́: májèlé arsenic máa ń wà nínú rẹ̀.

Sísá

Tí ẹ bá bi mí, sísá ni mo fọwọ́ sí jù fún agbègbè wa, torí ọyẹ́ ń bá wa ṣiṣẹ́, kò sì béèrè iná. Ẹ mọ̀ pé omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo tòmátì: nínú 10 kílò, ohun tó máa kù lẹ́yìn tó bá gbẹ kì í sábà tó kílò kan. Èyí gígùn tí ara rẹ̀ le, irú Roma, ló yẹ fún un. Olómi ńlá tí ara rẹ̀ pín bí ẹlẹ́gẹ́dẹ́, ẹ fi se ọbẹ̀.

Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, kó nípọn bí ìka kékeré tàbí kó dín sí i, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi igi gbé sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì bíi láfún. Èéfín ọkọ̀ àti ewúrẹ́ kò dára fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, á máa ká bí awọ bàtà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, omi kò ní í yọ. Èyí tí ẹ fẹ́ lọ̀ di ẹ̀tù gbọ́dọ̀ gbẹ dé ibi tí yóò máa ṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, tí iná bá ti kú lábẹ́ àgbàdà, tí ooru tó kù kò ju èyí tí ọwọ́ lè gbà, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì náà sí òkè rẹ̀ lóru.

Ẹ dà á sínú ìgò gíláàsì, ẹ dé e, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí omi bá sẹ̀ bí ìrì sí ara ìgò, ẹ dá a padà sínú oòrùn.

Dídì sínú ìgò

Níbí ni kí ẹ ti rọra. Lọ́dún kan, mo lọ tòmátì mọ́ alùbọ́sà àti rodo, mo bu òróró sí i, mo dì í sínú ìgò mẹ́rìnlá, mo sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ “pọ̀ọ́” lóru ní yàrá ìdáná. Mo gbẹ́ kòtò, mo ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgò tó bú yẹn ṣe mí lóore; àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ ni ìbá pa mí. Kòkòrò àìfojúrí Clostridium botulinum lè wà nínú ìgò kó má rùn, kó má yí adùn padà, kó sì rọ ẹni tó jẹ ẹ́ lápá lẹ́sẹ̀.

Kíkan ni kì í jẹ́ kó hù, kíkan tòmátì nìkan kò sì fi gbogbo ìgbà tó. Fún ìgò ìlàjì lítà, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan omi lẹ́mọ́ọ̀nù inú ìgò sí i. Fún lítà kan, ṣíbí méjì. Ti ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ lò, torí kíkan ti orí igi kì í dọ́gba. Tòmátì nìkan ni o: kò sí ata, kò sí alùbọ́sà, kò sí òróró. Ẹ sè é kó hó, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò tí ẹ ti sè, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n ìka kan kù lẹ́nu, ẹ fi ìdérí tuntun dé e. Ẹ wá tò ó sínú ìkòkò kí omi bò ó lórí. Láti ìgbà tí omi bá hó, ìṣẹ́jú 35 fún ìlàjì lítà, 45 fún lítà kan. Ìdérí tó bá wú, ẹ má tọ́ ọ wò.

Èso orí igi tó ti kú kì í kan tó. Ẹ má dì í sínú ìgò láéláé.

Fún ẹni tí kò rí lẹ́mọ́ọ̀nù rà, kó sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kó fi òróró dín in, kó sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọjọ́ díẹ̀. Fírísà dára, bí iná bá ń dúró ní àdúgbò yín.

Kí ẹ tó fa igi náà tu

Bí igi bá rọ lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tútù, ẹ gé ìdí rẹ̀ bí ìka kan, kí ẹ rì í bọ omi mímọ́ nínú ife gíláàsì. Tí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú wàrà tó ń ṣàn jáde lẹ́nu ibi tí ẹ gé, àrùn bakitéríà ló pa á, ilẹ̀ náà ló sì wà. Ẹ sun igi náà. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ gbin àgbàdo.