Bó bá jẹ́ obìnrin ló fipá bá ọmọ lò: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ dé ọjà Atákúnmọ̀sà níhìn-ín ní Iléṣà, kí ẹ sọ pé obìnrin kan fipá bá ọmọkùnrin ọdún 11 lò. Ẹ̀rín lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnìkan á ní orí ire ni ọmọ yẹn gbé wáyé, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, obìnrin wo ló máa ṣe irú ẹ̀? Ẹ wá sọ pé ọkùnrin ló ṣe é fún ọmọbìnrin, gbogbo ọjà á gbaná. Ẹ̀rín yẹn ni àṣìṣe tó burú jù, torí ó máa ń dé etí ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, á sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹ má sọ pé kò sí i. Lọ́dún 2017, olùwádìí kan, Franca Cortoni, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 12 jọ. Nínú ẹjọ́ ìwà ipá ìbálòpọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, obìnrin tó ṣe é kò ju bíi 2 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi àwọn tí wọ́n ṣe é sí gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Nílẹ̀ wa níbí, ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìwà ipá sí ọmọdé lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọkùnrin 1 nínú 10 ló ti rí ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí ó tó pé ọdún 18. Kì í ṣe obìnrin ló ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọmọkùnrin mélòó ni a bi léèrè rí?

Ẹ má sì sọ pé, "Bí kò bá fẹ́ ẹ ni, ara rẹ̀ kò ní dìde." Ara máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọkàn, bí omi ṣe ń já lójú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà tí kì í ṣe pé ó ń sunkún. Ọmọ tí kò mọ èyí á gbà pé òun náà jẹ̀bi, ẹ̀bi yẹn sì lè bá a dàgbà.

Èyí tó ń kó wa sí wàhálà jù ni pé abàmì obìnrin là ń wá. Wèrè, àjẹ́, ẹni tí ẹ̀mí òkùnkùn ń lò. Nígbà tí a bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, àǹtí tó ń wẹ ọmọ fún wa láràárọ̀ ti kọjá lójú wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí, orí wọn pé. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ni wọ́n, tí a sì fi ọmọ sọ́wọ́ wọn: ìbátan, ọmọ ọ̀dọ̀, tíṣà lẹ́sìnnì, nígbà míì ìyá fúnra rẹ̀.

Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ruth Mathews àti àwọn méjì mìíràn fọ̀rọ̀ wá obìnrin 16 tó wà ní ibi ìtọ́jú lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1989. Àwọn kan mú ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ bí ọkọ àfẹ́sọ́nà. Lójú wọn, ìfẹ́ ni, ọmọ náà "gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ". Àwọn kan ni wọ́n ti fipá bá lò láti kékeré, tí àwọn náà wá dàgbà tán tí wọ́n ń ṣe é fún ọmọ tó sún mọ́ wọn. Ọkùnrin ló ti àwọn yòókù sí i, ọkùnrin tí wọ́n ń bẹ̀rù tàbí tí wọn kò fẹ́ kó fi àwọn sílẹ̀. Àwọn míì nínú wọn padà ń dá a ṣe lẹ́yìn náà. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé kì í fìgbà gbogbo pín sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè ní méjì nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni, "Mi ò lù ú, mi ò pa á lára, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni." Ìdánìkanwà àti àìka ara ẹni sí ló sábà ń wà nídìí rẹ̀. Ọmọdé kò lè kọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bí àgbà ọkùnrin ṣe lè kọ̀ ọ́, kò lè bá a jiyàn, kò lè fi í ṣẹ̀sín. Agbára lórí ọmọ ni wọ́n ń pè ní ìfẹ́.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé ọkùnrin kan ló ti obìnrin náà sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré di àwíjàre. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni kò fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn láéláé. Ẹ̀yin ìyá tó ń bẹ̀rù pé ọmọkùnrin yín á di aṣebi torí pé wọ́n ṣe é fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ sí i létí.

Òfin ńkọ́? Òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ ka ìfipábánilòpọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe sí obìnrin nìkan. Òfin tó ń dènà ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015, kò yọ obìnrin sílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ọmọdé lò pọ̀, àwíjàre pé ọmọ náà gbà kò sì múlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má kó àpò ọmọ ọ̀dọ̀ fún un lóru kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí gáréèjì. Ilé mìíràn tó ní ọmọ ló ń lọ. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 14 tí ẹ mú wá láti abúlé, ọmọdé méjì ló wà nílé yín tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ má lu òun náà, ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ máa wo ọmọ yín dáadáa. Ọmọ tó wọ ṣòkòtò méjì sùn nínú ooru, tó tún so okùn rẹ̀ pinpin, tó padà ń tọ̀ sílé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ń sọ nǹkan fún yín. Ẹ má pè é síwájú pásítọ̀ àti àwọn àbúrò bàbá kó wá rò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó jókòó tì í, kó sọ fún un pé, "Mo gbà ọ́ gbọ́, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi." Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù Wesley Guild níhìn-ín ní Iléṣà kíá. Oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá ti kọjá wákàtí 72 tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, torí náà ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí ọjọ́ Àìkú.