Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Ń Dá Ṣẹ̀dá Eré Ìkópa Orí Tábìlì

Eré ìkópa orí tábìlì ni eré tí ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń jókòó pọ̀ ṣe: ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dá-ìtàn kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ tí yóò sì máa pinnu fún, ẹnì kan tí a ń pè ní olùdarí eré ń ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n wà àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọ́n sì máa ń ju dáìsì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti ń tàn kálẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó yẹ ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó ni pé kò béèrè ilé-iṣẹ́, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ eré tí ó yẹ kí ó ti délé oníbàárà ni ó kú sínú ìwé àjákọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn. Lójú tèmi, orísun kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí ó ń fa èyí ti ń wá: aṣẹ̀dá ń kọ ìwé kí ó tó mọ ohun tí àwọn tí ó jókòó yí tábìlì ká yóò máa fi ẹnu àti ọwọ́ wọn ṣe.

Ibi tí èyí ti kọ́kọ́ ń hàn ni ìtàn ayé eré náà. Ẹni tí ó fẹ́ràn Òkè Ìdànrè, tí ó ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 600, tí ó sì ti rí ààfin àtijọ́ tí ó wà lókè níbẹ̀, lè padà délé kí ó kọ ọgọ́rin ojú-ìwé nípa ìran àwọn ọba, ogun tí wọ́n jà, àti odò tí ó pààlà láàárín ìlú kan àti èkejì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n tí a bá bi í pé kí ni olùkópa yóò ṣe ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kò ní ìdáhùn. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni gbólóhùn kan tàbí méjì tí ó sọ ẹni tí àwọn olùkópa jẹ́, ohun tí wọ́n ń wá, àti ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Ẹ̀yin ni ọmọ tí bàbá kan náà fi oko kòkó sílẹ̀ fún lẹ́yìn ìlú Oǹdó, ẹ gbọ́dọ̀ pín in kí òjò tó dé, ẹnì kan nínú yín sì ti tà lára rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀." Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ti mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Lasers & Feelings tí John Harper gbé jáde ní ọdún 2013 kò ju ojú-ìwé kan lọ, nọ́ḿbà kan ṣoṣo, láti 2 sí 5, ni ó sì fi ń sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀ ọ́n ṣe; àwọn ènìyàn ń ṣe é títí di òní. Ó sàn kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń mú òfin Dungeons & Dragons, wọn a pa orúkọ inú rẹ̀ dà, wọn a sì pè é ní eré Yorùbá. Ilé olódi di ààfin, idà di àdá, ohun gbogbo yòókù sì wà bí ó ṣe wà. Inú eré ogun orí tábìlì ni Dungeons & Dragons ti jáde, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú òfin rẹ̀ fi dá lórí ìjà. Òfin ni ó ń sọ ohun tí eré kà sí pàtàkì fún olùkópa. Tí ìtàn bá dá lórí ìpàdé ẹbí nípa oko kòkó, tí ogún ojú-ìwé sì ń ṣàlàyé ohun ìjà, ìjà ni àwọn olùkópa yóò jà, nítorí pé òun ni ìwé kọ́ wọn. Kí aṣẹ̀dá fi òfin sí ibi tí ìtàn tirẹ̀ gbé wúwo: kí olùkópa tí ó bá ki oríkì ẹni tí ó ń bẹ̀ gba dáìsì kan sí i, kí àbúrò má lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu láìsan ohun kan, kí ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti sọ ní gbangba ṣòro láti yí padà.

Ọ̀rọ̀ òfin ìlú wọ inú èyí. Àwọn kan rò pé ohun tí ó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé, wọn a sì da odindi ìpínrọ̀ àti àwòrán ẹlòmíràn kọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn débi pé wọn kò ní lo ọ̀nà ìju-dáìsì tí wọ́n rí níbòmíràn. Copyright Act ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà kò dáàbò bo èrò àti ìlànà bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́ àti àwòrán tí a yà ni ó ń dáàbò bò. Nítorí náà a lè yá ọ̀nà lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Tí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gan-an, kí a ka ìwé àṣẹ rẹ̀ dópin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn aṣẹ̀dá káàkiri ayé ti fárígá lórí ìgbìyànjú láti yí Open Game License ti ọdún 2000 (ìwé àṣẹ tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lo òfin Dungeons & Dragons) padà, Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà, fi System Reference Document 5.1, ìwé tí ó kó òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọ, sábẹ́ àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ Creative Commons CC BY 4.0. Àṣẹ yìí gbà wá láàyè láti lo ìwé náà, kódà láti tà á, níwọ̀n ìgbà tí a bá kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín síbẹ̀ bí àṣẹ náà ṣe là á sílẹ̀. Ìlà kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Ìṣirò dáìsì yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí pé ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe kì í tètè hàn sójú. Ẹ jẹ́ kí a mú dáìsì Lúdò méjì. Ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà balẹ̀. Nínú ìlànà tí D. Vincent Baker àti Meguey Baker lò nínú eré wọn, Apocalypse World, ní ọdún 2010, tí ọ̀pọ̀ aṣẹ̀dá ti yá lò, àròpọ̀ 10 sókè jẹ́ àṣeyọrí pátápátá, 7 sí 9 jẹ́ àṣeyọrí tí yóò ná ẹ̀dá-ìtàn ní nǹkan, 6 sísàlẹ̀ sì jẹ́ wàhálà. Tí a kò bá fi ohunkóhun kún un, ọ̀nà 6 péré nínú 36 ni ó ń mú 10 sókè wá, 15 ń mú 7 sí 9 wá, 15 yòókù sì jẹ́ wàhálà. Fún ẹ̀dá-ìtàn tí ó ní +1, ìyẹn ẹni tí a ń fi 1 kún àròpọ̀ rẹ̀, ọ̀nà 6 yẹn di 10. Fún ẹni tí ó ní +3, ó di 21, ọ̀nà 3 péré ni ó sì kù fún wàhálà. Aṣẹ̀dá tí ó ń pín +3 káàkiri nítorí pé ó fẹ́ kí inú àwọn olùkópa dùn ti mú ìfòyà kúrò nínú eré rẹ̀ láìmọ̀. Kí ó ya àpótí mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà sórí bébà, kí ó kọ àròpọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà á fúnra rẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn owó ẹyọ ju dáìsì lọ, ó sì dùn ún wò lórí tábìlì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gé ẹ̀yìn owó ẹyọ ń yí bí ó ṣe ń balẹ̀ padà, nítorí náà kí a ju àwọn tí a fẹ́ lò ní ìgbà púpọ̀, kí a sì ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, kí a tó kọ nọ́ḿbà kankan sínú òfin. Ní ti dáìsì ojú 20 tí Dungeons & Dragons ń lò, kì í ṣe ohun tí a ń rí lórí àtẹ ní Ọjà Ọba, bẹ́ẹ̀ ni dáìsì ojú 6 wà nínú gbogbo páálí Lúdò. Kí a sì rántí pé ẹ́ẹ̀rìndínlógún, obì àti Ifá jẹ́ ohun ìsìn fún àwọn tí a jọ ń gbé àdúgbò. Kí aṣẹ̀dá má ṣe sọ odù di àtẹ èrè àti ìyà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kò sí ibi tí eré ti ń bàjẹ́ tó ibi ìdánwò. Aṣẹ̀dá yóò pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin jọ, yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdarí eré, yóò fi ẹnu ṣàlàyé gbogbo ohun tí ìwé rẹ̀ kò sọ, yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé eré náà ti gún. Òun ni wọ́n dán wò, kì í ṣe ìwé rẹ̀. Ìwé ni yóò dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní òkè òkun, aṣẹ̀dá kò sì ní bá a lọ. Ìdánwò tí ó ṣeé gbára lé ni kí a fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa eré náà ní ìwé, kí ẹnì kan nínú wọn darí, kí aṣẹ̀dá jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú bírò, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́. Olùdarí ka ìlà tí ó ní kí wọ́n ju dáìsì nígbà tí ewu bá wà. Ẹnì kan béèrè pé, "Ta ni ó máa sọ pé ewu ti wà, ṣé ìwọ ni àbí àwa?" Wọ́n ṣí ìwé síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọn kò rí i. Ẹni kẹta fa fóònù yọ. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu aṣẹ̀dá, ẹnu sì ń yún un. Tí ó bá fi lè sọ ọ́, ó ti pàdánù ohun tí ó wá kọ́. Kí ó kọ ojú-ìwé tí wọ́n wà sílẹ̀, ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jáde lẹ́nu wọn, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí eré tó tún máa lọ. Ibi tí fóònù ti jáde ni iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn eré, kí ó má béèrè pé, "Ṣé ó dùn?" Ní ilẹ̀ wa, pàápàá tí aṣẹ̀dá bá ju àwọn olùkópa lọ lọ́jọ́ orí, "Ó dùn gan-an, ẹ kú iṣẹ́ sà" ni yóò gbọ́, nítorí pé ọmọlúàbí ni wọ́n. Kí ó béèrè ìgbà tí wọn kò mọ ohun tí ó kàn, òfin tí wọ́n gbójú fò, àti ohun tí wọ́n rántí. Kí ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré láti kọ ọ́ sí láìkọ orúkọ. Irú ìṣòro yìí wà nínú eré fúnra rẹ̀: tí ẹ̀gbọ́n bá ń darí, àbúrò kì í fẹ́ ta kò ó, nítorí náà òfin gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí olùkópa ní àṣẹ láti sọ pé rárá.

Àṣẹ yìí ṣe pàtàkì jù níbi tí ìtàn bá kan ọgbẹ́ tí kò tíì jinná. Ẹni tí ó fẹ́ fi ìkọlù agbébọn sínú eré ní ìpínlẹ̀ tí a kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. John Stavropoulos ni ó gbé ọ̀nà kan tí a ń pè ní X-Card kalẹ̀: a kọ X sára káàdì, a gbé e sáàárín tábìlì, ẹni tí ohun kan bá ni lára sì lè fọwọ́ kàn án kí a yọ ohun náà kúrò nínú ìtàn láìbi í ní ìdí. Kí a fi sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nípa ìtẹ̀wé, àánú owó àwọn ènìyàn ń ṣe mí. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé fún ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò. Fọ́tókọ́pì mẹ́wàá tó fún ẹ̀dà ìdánwò. Ìwé tí a fi pín-ìn ìwé dì láàárín gbọ́dọ̀ ní iye ojú-ìwé tí a lè fi 4 pín. Ẹni tí ó kọ ojú-ìwé 30 yóò rí ojú-ìwé méjì òfìfo lẹ́yìn, yóò sì sanwó wọn. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ lórí àwòrán dúdú kò ṣeé kà nígbà tí iná bá lọ. Ní ti àwòrán, ẹni tí ó yà á ni ó ni ín lábẹ́ òfin àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, nítorí náà kí a kọ àdéhùn kí a tó sanwó, kódà bí ayàwòrán bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni.

Kickstarter, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń kó owó jọ lọ́wọ́ ará ìlú fún iṣẹ́ tuntun, kò gba ẹni tí ó ń gbé Nàìjíríà láti dá ìkówójọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé gbogbo ètò rẹ̀ lé e. A lè ta PDF lórí itch.io tàbí DriveThruRPG, àwọn ojúlé tí a ti ń ta eré, fún àwọn tí ó wà lókè òkun, kí a sì ta á ní náírà lórí Selar, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tí ó wà nílé, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà tí owó yóò gbà dé àkáǹtì wa kí a tó kéde ọjọ́ tí eré yóò jáde.

Àwọn kan sì wà tí wọn kì í gbé eré jáde rárá, tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tí àwùjọ méjì tàbí mẹ́ta tí kò mọ aṣẹ̀dá rí bá ti lè fi ìwé nìkan ṣe eré náà dópin, ó tó láti gbé e jáde. Kí ó kọ nọ́ḿbà ẹ̀dà àti déètì sí ojú-ìwé kejì, kí ẹni tí ó bá rí ohun tí kò yé e lè sọ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ òun, kí a sì tún un ṣe nínú èyí tí ó ń bọ̀.