Mọ́tò kékeré tó ń sáré: ibi tí owó yín ń gbà sọnù

Ẹni tó ń wakọ̀ láti Arẹ̀pò lọ sí Marina lójoojúmọ́, tó ń jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó, ó lẹ́tọ̀ọ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ dùn ún wà nígbà tí ọ̀nà bá là. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Bí ẹ ṣe ń rà á ló ń bí mi nínú. Ẹ ó ra Golf GTI, Civic Si tàbí Mini Cooper S, ẹ ó gbé fọ́tò rẹ̀ sí sítátọ́ọ̀sì, ẹ ó kọ "ọpẹ́ ni f'Ólúwa" sí i. Nígbà tó bá máa fi di oṣù kejì, ẹ ó máa bi mí bóyá mo mọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ ọ́n. Iye tó máa dá lé e ni inú yín ò ní dùn sí.

Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yẹ ọ́ìlì wò, tàbí kẹ́ ẹ mú mẹkáníìkì dání. Ẹ ti mọ ìyẹn tipẹ́, ẹ kàn kì í ṣe é ni.

1. Ẹ ń sanwó lórí lẹ́tà.

"Corolla Sport" tí gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn Corolla S ti 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1ZZ onílítà 1.8 tó wà nínú CE àti LE, ìyẹn àwọn Corolla lásán tí kò ní lẹ́tà S, ló wà nínú tiẹ̀ náà. Ike tí wọ́n fi yí ìdí ọkọ̀ po àti báńpà tó yọ ẹnu síta lẹ fi owó kún. Èyí tó yàtọ̀ lóòótọ́ ni XRS ti 2005 àti 2006: ẹ́ńjìnnì 2ZZ, agbára ẹṣin 170, gíà máńúà onípele mẹ́fà. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni Lotus, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré, fi sínú Elise wọn. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í jí tí abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ò bá tíì kọjá 6,000. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí ẹ ti fẹ́ rí 6,000 láàárín Ọjọ́ta sí Maryland láago méje àárọ̀.

2. Ẹ kì í ka nọ́ńbà ṣáṣí.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Èyí tó ṣíwájú ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti tò ó: 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, 3 ni Mẹ́síkò, J ni Japan, W ni Jámánì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ẹ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí Google kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní "tòkunbọ̀ tí kò forí gbá rí", tí fọ́tò wọn ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Copart, ọjà gbàǹjo tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, tí iwájú wọn ti wọ inú lọ, tí ẹ́ẹ̀bàgì sì ti bẹ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ náà sókè kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọkọ̀ tí omi ti mù ò lè fi òórùn yẹn pamọ́, bó ti wù kí wọ́n wọ́n lọ́fínńdà sí i tó.

3. Ríìmù. Ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. 205/55R16: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 16. Ẹ ṣírò rẹ̀. Rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti kòtò jẹ́ bíi mìlímítà 113. Ti 195/65R15 jẹ́ 127. Ti 225/40R18 tí gbogbo yín ń wá kiri jẹ́ 90 péré. Tí ẹ bá sì wọn táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látòkè délẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà, bíi mìlímítà 632 sí 637. Ríìmù ńlá ò gbé ọkọ̀ yín sókè rárá. Irin ló kó sí ibi tó yẹ kí rọ́bà wà.

Ọmọkùnrin kan gbé ọkọ̀ Jámánì dúdú kan wá síbi iṣẹ́ mi, ríìmù 19, sípírìǹgì kúkúrú tí wọ́n fi rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ débi pé ìka mi ò ráyè wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà.

"Ẹ̀gbọ́n, sítíárín ń gbọ̀n."

A tú u. Ríìmù méjì ti là nínú, níbi tí ojú kì í tó, àwọn kan sì ti fi iná jó o pọ̀ kí ọmọkùnrin náà tó rà á. Bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin abẹ́ ọkọ̀, ti gé, ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ń jo ọ́ìlì. Mo ní ká wá ríìmù 17 tí ọkọ̀ náà bá jáde láti ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú táyà 225/45. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó fi gèlè ìyá rẹ̀ nulẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn ò ní jọ ara rẹ̀ mọ́." Ó lọ ra 19 mìíràn ní Ládípọ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, a tún ríra. Àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló gbá bọ́ǹpù àdúgbò rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ́ìlì dà láti ẹnu géètì dé títì. Ọ̀gbẹ́ni rí iná pupa lórí daṣibọ́ọ̀dù, ó ń wà á lọ ni, torí pé ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì kú sórí afárá. Owó tí ó fi ra òmíràn ì bá ra táyà tuntun gidi fún ọdún mélòó kan.

Ti sípírìǹgì pàápàá dùn mí. Àwọn kan ń fi gíríńdà gé e! Ẹni tó gé sípírìǹgì fẹ́ kí ọkọ̀ òun gbá ilẹ̀ mú ní kọ́nà, àbí? Lórí títì tó ń dán, bóyá. Lórí ọ̀nà tiwa, ṣọ́ọ̀kì ò ráyè rìn mọ́, táyà á máa ta pàtì lórí gálọ́pù, táyà tó wà lókè ò sì lè yà kọ́nà kankan. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ táyà tuntun tó ní ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbádùn tí ẹ ń wá wà.

Mo ní Toyota Matrix kan tí ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣí. 205/55R16 ló wọ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì yá gágá. "Ìyá Ìjọ" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é. Ikùn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárín, mo ń wọ awò kí n tó ríran lóru, kò sí ẹni tó máa pè mí ní awakọ̀ eré. Síbẹ̀, láti Berger sí Ògbà, èmi ni mo máa ń kọjá lára àwọn onírímù 19. Wọ́n á ti dúró létí kòtò, wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n máa gbà.

Táyà tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é nìyẹn: 3514 ni ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2014. Ẹ ṣe ìyókù ìṣirò náà fúnra yín.

Gíà. Máńúà ni "awakọ̀ gidi" ń wà, mo ti gbọ́. Civic Si ti 2006 sí 2011 ò tilẹ̀ ní òmíràn ju máńúà mẹ́fà lọ, ó sì dùn ún yí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kilọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ Third Mainland Bridge dé òpin rẹ̀ nínú gosíló, ní àlọ àti ní àbọ̀, kẹ́ ẹ wá ròyìn fún orúnkún yín. Tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbé e jáde, ìyẹn yé mi.

Ẹlòmíràn á sá fún máńúà, á wá kó sọ́wọ́ Ford Focus ti 2012 sí 2016 tó ní gíà PowerShift. Kì í ṣe ọ́tò tí ẹ mọ̀ nìyẹn o. Kilọ́ọ̀ṣì gbígbẹ méjì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ni, ó sì lórúkọ burúkú nítorí pé ó máa ń gbọ̀n tí ọkọ̀ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà pe Ford lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là ilẹ̀ wọn lé wọn lọ́dún 2018, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe sí àwọn tó wá fẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin ń rà á torí pé iwájú rẹ̀ rí bí ẹni ń bínú.

Ti Golf GTI, gíà DSG onípele mẹ́fà, òun náà ní kilọ́ọ̀ṣì méjì, àmọ́ kilọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà sì gbọ́dọ̀ yí padà ní bíi gbogbo 60,000 kìlómítà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Tó bá ní "gíà yìí kì í gba ọ́ìlì", ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Epo: ìwé àwọn ọkọ̀ onítọ́bò bíi Golf GTI ń béèrè epo tó ga ju èyí tó wà ní ilé epo wa. Kọ̀ǹpútà á máa fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn kó má bàa máa kàn gbàgbàgbà, nítorí náà ẹ ò rí gbogbo agbára tẹ́ ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ sì mọ bí owó epo ti rí láti May 2023.

Ariwo sàléńsà tí wọ́n gé kì í ṣe eré.

Bírékì tí wọ́n kùn ní pupa ò mú ju bó ṣe mú tẹ́lẹ̀ lọ.

Civic onílítà 1.8, ti 2006 sí 2008 àti àwọn kan nínú ti 2009: búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lè là, kí omi rẹ̀ máa jò. Honda fúnra wọn sún wáráńtì rẹ̀ síwájú ní Amẹ́ríkà nítorí èyí, àmọ́ wáráńtì ọ̀hún ò mọ ọ̀nà Ọ̀jọ̀dú. Ẹ wá ti 2010 tàbí 2011. Kúlántì ni kẹ́ ẹ máa rọ sí i, ẹ yé rọ omi ẹ̀rọ. Tí ẹ bá bi mí, òun ni mo máa rà fún àbúrò mi. Tí owó bá tó, Mazda 3 ti 2014 sókè, onílítà 2.0, agbára ẹṣin 155, ọ́tò onípele mẹ́fà gidi, sítíárín rẹ̀ sì dùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dé Ládípọ̀ tàbí Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ béèrè iye tí iná iwájú àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.

Tí ẹ bá fẹ́ wà á wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín yípo títì dídán kan kẹ́ ẹ ní ó dára. Ẹ wọ ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, kẹ́ ẹ pa rédíò, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń kígbe. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ gosíló ọ̀sán pẹ̀lú AC, kẹ́ ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ooru fún ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń tà á máa ráhùn pé epo òun ń tán. Ẹ ra epo fún un.

Kẹ́ ẹ sì béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì. Tó bá ní ó wà nílé, ẹ ní kó lọ mú un wá kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́.