Ẹ Má Gba Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Fífi Iṣẹ́ Tọ́jú Aláìsàn Ọpọlọ

Bí ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ bá ti ọsibítù dé, ìfẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é léṣe. Ìyá á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, Àkànní, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Àbúrò á fọ aṣọ rẹ̀, ìyàwó á bu omi ìwẹ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, bó bá sì fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, ènìyàn mẹ́ta á dìde láti gbà á. Kò ní pẹ́, ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù á máa dúró de ẹni tó máa wá sọ fún un pé ó tó àkókò àtiwẹ̀.

Ìgbálẹ̀ yẹn wà lára oògùn rẹ̀. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń pè ní occupational therapy. OT ni wọ́n ń gé e kúrú sí ní ọsibítù. Oníṣẹ́ OT kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló fi ń tọ́jú: ìwẹ̀, oúnjẹ sísè, ọjà nínà, owó ṣíṣọ́, iṣẹ́ ọwọ́. Àìsàn bíi schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́) a máa gba agbára àtibẹ̀rẹ̀ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, kódà lẹ́yìn tí ohùn tó ń gbọ́ létí bá ti dákẹ́. Ṣíṣe nǹkan léraléra, lákòókò kan náà lójoojúmọ́, wà lára ohun tó ń dá agbára yẹn padà. Ẹ wá gba ìgbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Arò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù ká dípò kó tì wọ́n mọ́lé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan kan dání. Wọ́n á gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á padà sí abúlé, ọ̀pọ̀ wọn a sì máa bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Lóòótọ́, ìbátan yẹn ló ń dáná (ẹ lè fi ìyẹn dá mi lóhùn), àmọ́ ẹni tó ti oko dé ló ń dáná fún, kì í ṣe ẹni tó dùbúlẹ̀ látàárọ̀.

Àwọn ilé mìíràn á ṣe òdìkejì. Wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yá, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́ńdè. Ká ní télọ̀ ni. Ẹ má gbé aṣọ ìyàwó lé e lọ́wọ́, kí ẹ tún dá ọjọ́ fún oníbàárà. Ẹ jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ kan máa rán bọ́tìnnì, wákàtí kan péré lóòjọ́. Lẹ́yìn náà kó máa ká etí ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà kó gé aṣọ ọmọdé. Ẹ̀bà pàápàá ní ìpele: kó gbé omi kaná, kó bu gàrí, kó dà á sómi, kó dé e, kó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ dídé e nìkan ló lè ṣe lónìí, ẹ ṣe ìyókù, kí ẹ sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún un.

"Ọ̀lẹ" kọ́. Oògùn mìíràn ń fa oorun, òmíràn ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n tàbí kí ara le. Ẹ sọ fún dókítà. Ó lè yí ìwọ̀n tàbí àkókò rẹ̀ padà. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró torí pé aláìsàn náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yàtọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé, "Tó bá ti wù ú, á dìde." Kò ní wù ú. Àìsàn náà gan-an ni pé nǹkan kì í wu ènìyàn mọ́. Ṣíṣe ló sábà máa ń ṣáájú, kí wíwù tó tẹ̀ lé e. Ẹ bá a mú nǹkan kékeré kan: kó bomi rin ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ní aago mẹ́jọ, bó wù ú, bí kò wù ú. Bí oorun oògùn alẹ́ kò bá sì tíì dá lójú rẹ̀ ní mẹ́jọ, ẹ sún un sí mẹ́wàá.

Ẹ̀bi àwa òṣìṣẹ́ ọsibítù náà wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ sísín fún gbogbo wọ́ọ̀dù, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nílẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, a fún un ní ìwé àwòrán ọmọdé pé kó kùn ún! Ṣé a bi í léèrè ohun tó ń ṣe kó tó ṣàìsàn? Bóyá ìwé ìròyìn ló fẹ́ máa kà sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe gún tó kọ́ ló yẹ ká máa wò, bí kò ṣe bó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀, bóyá ó tọrọ òwú lọ́wọ́ ẹnìkejì, bóyá ó padà sí i lẹ́yìn tó ṣì í.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn ibi tí wọ́n ti ń kó aláìsàn lọ ro oko ẹni tó ni ibẹ̀, tí wọ́n á ní ìtọ́jú ni. Ẹni tí wọn ò bi léèrè, tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún, tí kò sì lè kọ̀, ẹrú ni wọ́n fi ṣe.

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tàbí oògùn kòkòrò nítorí pé ẹ fẹ́ kó dá nǹkan ṣe. Ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Fún ìyókù, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ohun tó ṣe fúnra rẹ̀ sí i lálaalẹ́, kódà bó jẹ́ pé ó fọ ife kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ kílíníìkì.