Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọkàn sínú ìwé ìròyìn

Bí wọ́n bá fún ọ ní abala kan nínú ìwé ìròyìn kí o máa fi sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, má tíì mú bírò. Kọ́kọ́ gbọ́ nípa Virgínia Leone Bicudo. São Paulo, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ni wọ́n bí i sí ní 1910. Aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀, ará Ítálì sì ni ìyá rẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ a máa fi àwọ̀ rẹ̀ pè é tariwo-tariwo. Kì í ṣe dókítà, síbẹ̀ ó kọ́ ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ, irú èyí tí dókítà kan tó ń jẹ́ Freud dá sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ó gbé ìmọ̀ yìí lọ sórí rédíò àti sínú ìwé ìròyìn Folha da Manhã. Àwọn dókítà kan pè é ní ẹlẹ́tàn ní gbangba ní 1954. Lọ́dún kejì ó kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ kọ́ sí i. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an.

Inú ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má kọ "owú jíjẹ láàárín ọmọ ìyá". Kọ nípa ọmọ ọdún mẹ́rin tó tún ń tọ̀ sílé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gbé ọmọ tuntun dé.

Ibi tó le jù ni pípa ojú ẹni tí o ń kọ nípa rẹ̀ dà kí wọ́n má bàa dá a mọ̀, mo sì ti ṣàṣìṣe níbẹ̀. Mo kọ nípa ìyá kan tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo rò pé ó tó. Àmọ́ mo fi ìbejì sílẹ̀ bó ṣe wà, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo fi ọkọ tó ń wa tírélà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ni kò mọ Ìyá Ìbejì ládùúgbò? Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù ìyá náà, níwájú àwọn oníbàárà. Ìyá náà kò padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, yí iṣẹ́, yí iye ọmọ, yí ìlú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun ẹni náà tó nìkan ni kí o má yí. Lẹ́yìn náà, kà á sókè bí ẹni pé ó jókòó níwájú rẹ. Ibi tí ohùn rẹ bá ti rẹlẹ̀, pa á rẹ́.

Tí lẹ́tà bá dé, má sọ orúkọ àìsàn fún ẹni tí o kò rí rí. Béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó wà nílé nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó bá kọ̀wé pé òun fẹ́ kú, má jẹ́ kó dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn ń jáde. Wá a kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.